Báwo Ni Tọ́ọ̀gì Kékeré Ṣe Ń Darí Ọkọ̀ Ràgàjì Ní Èbúté?

Ẹni tí ó bá ti Kábà tàbí Ìsánlú lọ sí Èkó, tí ó sì dúró ní etí omi ní Màrínà, lè rí ohun kan tí ó máa ń ya ni lẹ́nu: ọkọ̀ ràgàjì tí ó kún fún kọ̀ǹtéénà ń wọlé sí Àpápá, ọkọ̀ kékeré méjì tàbí mẹ́ta sì rọ̀ mọ́ ọn, òmíràn fi okùn fà á, òmíràn fi imú tì í. Tọ́ọ̀gì ni wọ́n ń pe àwọn ọkọ̀ kékeré náà. Mo kó àwọn ìbéèrè tí àwọn ará ilé máa ń bi mí nípa wọn jọ síbí, nítorí pé iṣẹ́ náà wù mí gidigidi, mo sì fẹ́ kí àwọn ọmọ wa tí wọn kò gbé nítòsí òkun mọ̀ nípa rẹ̀.

Báwo ni ọkọ̀ tí gígùn rẹ̀ kò ju nǹkan bí 30 mítà lọ ṣe lè ti èyí tí ó gùn tó 300 mítà?

Omi ni ó gbé ọkọ̀ ńlá náà ró. Ẹni tí ó bá ti rí i bí wọ́n ṣe ń di ẹrù sínú ọkọ̀ onípákó ní etí Odò Ọya ní Lọ́kọ́jà mọ̀ pé, bí ìdí ọkọ̀ náà bá ti kúrò lórí iyanrìn, ọkùnrin kan ṣoṣo lè fi ẹsẹ̀ tì í wọnú omi, bẹ́ẹ̀ ni ènìyàn mẹ́wàá kò lè gbé e lórí ilẹ̀. Bí a bá ń tì í díẹ̀díẹ̀, tí a kò sì dẹwọ́, yóò lọ.

Ohun kejì ni ẹ́ńjìnnì. Ẹ́ńjìnnì dísẹ́lì ńláńlá ni ó gba ọ̀pọ̀ inú tọ́ọ̀gì, débi pé ọ̀pọ̀ tọ́ọ̀gì èbúté òde òní lè fa okùn pẹ̀lú agbára tí ó tó 60 sí 80 tọ́ọ̀nù. Bí wọ́n ṣe ń mọ iye náà ni pé wọ́n á fi okùn so ọkọ̀ náà mọ́ òpó irin létí omi, wọ́n á ní kí ó fi gbogbo agbára rẹ̀ fà, òṣùwọ̀n tí ó wà lára okùn yóò sì sọ iye tí ó fà. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ní pùròpẹ́là méjì, ìyẹn abẹ̀bẹ̀ irin tí ń yí láti ti ọkọ̀ lọ, tí ó lè kọjú sí ibikíbi lábẹ́ omi, nítorí náà wọ́n lè rìn síwájú, sẹ́yìn, tàbí kí wọ́n fi ẹ̀gbẹ́ rìn.

Ṣé ọkọ̀ ńlá kò ní ẹ́ńjìnnì tirẹ̀ ni?

Ó ní in, ó sì lágbára púpọ̀. Ṣùgbọ́n ìtọ́kọ̀ tí ó fi ń yà kì í ṣiṣẹ́ dáadáa àfi bí omi bá ń sáré kọjá lára rẹ̀, èbúté kò sì gba eré. Bí ọkọ̀ náà bá ti dẹ̀rìn, kò gbọ́ràn sí ẹni tí ń tù ú lẹ́nu mọ́, atẹ́gùn tí ó bá fẹ́ lu ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ sì lè gbé e lọ. Dídúró gan-an tún ṣòro: ọkọ̀ tí ó wúwo bẹ́ẹ̀ lè rìn ju kìlómítà kan lọ lẹ́yìn tí wọ́n ti pa ẹ́ńjìnnì rẹ̀. Ìdí nìyí tí mo fi ń sọ pé bí a bá ka tọ́ọ̀gì sí afàkọ̀ nìkan, a kò tíì mọ iṣẹ́ rẹ̀. Dídá ọkọ̀ dúró àti yíyí i po ni ó gba ọgbọ́n jù, tọ́ọ̀gì tí wọ́n so mọ́ ìdí ọkọ̀ ni ó sì ń ṣe èyí tí ó pọ̀ jù níbẹ̀.

Ní oṣù kẹta ọdún 2021, ọkọ̀ Ever Given, tí gígùn rẹ̀ tó 400 mítà, há sí ojú omi Suez ní Íjíbítì fún ọjọ́ mẹ́fà. Wọ́n wa iyanrìn kúrò níwájú rẹ̀, wọ́n dúró de omi kí ó kún, àwọn tọ́ọ̀gì sì fà á títí ó fi yọ.

Kí ni àwọn òṣìṣẹ́ inú rẹ̀ máa ń ṣe láti àárọ̀ di alẹ́?

Wọ́n máa ń dúró, wọ́n a sì máa múra sílẹ̀. Wọ́n ń yẹ ọ́ìlì wò, wọ́n ń fọwọ́ tọ ara okùn láti mọ ibi tí ó ti ń já, wọ́n ń dáná, wọ́n ń sùn nígbà tí àyè bá wà, nítorí pé ọkọ̀ lè dé lóru. Bí rédíò bá pè, wọ́n a jáde lọ pàdé ọkọ̀ náà. Àwọn tí ó wà lókè ọkọ̀ ńlá a ju okùn tẹ́ẹ́rẹ́ kan sílẹ̀, tí ohun wúwo kékeré wà ní orí rẹ̀ kí ó lè fò dé ibi tí wọ́n jù ú sí. Òṣìṣẹ́ tọ́ọ̀gì a gbá a mú, a sì so ó mọ́ okùn tọ́ọ̀gì tí ó nípọn. Àwọn ti òkè a fà á gòkè, wọ́n a sì fi ojú rẹ̀ kọ́ òpó irin tí ó wà lórí ọkọ̀ ńlá náà. Láti ìgbà náà lọ, páílọ́ọ̀tì èbúté, ìyẹn ẹni tí ó mọ ojú omi èbúté náà dáadáa tí ó ń tọ́ ọkọ̀ sọ́nà, tí ó wà lórí ọkọ̀ ńlá ni ó ń pàṣẹ lórí rédíò. Ọ̀gá atukọ̀ tọ́ọ̀gì a tún àṣẹ kọ̀ọ̀kan sọ kí ó tó ṣe é, kí ó lè dájú pé kò ṣì í gbọ́.

Ṣé ewu wà níbẹ̀?

Ewu ńlá wà níbẹ̀. Bí ọkọ̀ ńlá bá yára jù tàbí tí ó yà lójijì, okùn lè máa fa tọ́ọ̀gì láti ẹ̀gbẹ́, ó sì lè dojú rẹ̀ dé láàárín ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀. Nítorí náà ni ohun tí a fi ń tú okùn sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà ṣe wà nítòsí ọwọ́ ọ̀gá atukọ̀, tí wọ́n sì ń ti ilẹ̀kùn pa nígbà tí iṣẹ́ bá ń lọ, kí omi má baà wọlé. Kò sí ẹni tí ó gbọ́dọ̀ dúró sí ojú ọ̀nà okùn tí ó le gan-an, nítorí pé bí ó bá já, ó lè pa ènìyàn.

Kí ló dé tí a kì í rí irú rẹ̀ ní Lọ́kọ́jà?

Odò Ọya kì í jìn tó fún ọkọ̀ òkun, pàápàá nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Ní ọdún 2009 ni ìjọba àpapọ̀ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ kíkó iyanrìn kúrò ní ìsàlẹ̀ rẹ̀, láti Wàrí títí dé Bàrò. Irú ọkọ̀ tí ó bá odò mu ni èyí tí ìdí rẹ̀ tẹ́, tí iwájú rẹ̀ sì tẹ́jú, tí ó ń ti ọkọ̀ akẹ́rù aláìní-ẹ́ńjìnnì láti ẹ̀yìn.

Ọmọ Yàgbà tàbí Ìjùmú lè ṣe iṣẹ́ yìí bí?

Ó lè ṣe é dáadáa. Ilé-ẹ̀kọ́ àwọn atukọ̀ ti ìjọba àpapọ̀, Maritime Academy of Nigeria, wà ní Oron ní ìpínlẹ̀ Akwa Ibom, láti ọdún 1977 ni wọ́n sì ti dá a sílẹ̀. Ìṣirò àti físíìsì ni kí ọmọ náà mú ní ọ̀kúnkúndùn láti ilé-ẹ̀kọ́ girama, kí ó sì kọ́ bí a ṣe ń lúwẹ̀ẹ́ kí ó tó lọ.