Kí ni wágọ̀nù rélùwéè ń ṣe lórí omi ní New York?

Ìbéèrè: Ẹ̀gbọ́n, ẹnìkan tó ń gbé ní Brooklyn fi fọ́tò ránṣẹ́ sí mi: wágọ̀nù rélùwéè tò lọ gbọọrọ lórí bájì, ọkọ̀ omi pẹrẹsẹ tí wọ́n fi ń kó ẹrù, láàárín omi. Ṣé wọ́n ń lọ kó wọn dànù ni?

Ìdáhùn: Rárá o, iṣẹ́ ni wọ́n ń lọ. New York New Jersey Rail ló ń ṣe é, rélùwéè kékeré tí kì í kó èrò. Jersey City, ní òdìkejì omi, ló ti ń gba wágọ̀nù lọ́wọ́ àwọn rélùwéè ńlá, á gbé e sọdá sí Brooklyn, á sì fà á lé rélùwéè mìíràn lọ́wọ́. Orí omi ni èyí tó pọ̀ jù nínú ìrìn rẹ̀.

Ìbéèrè: Kí ló dé tí wọn ò gba orí afárá?

Ìdáhùn: Ibẹ̀ gan-an lọ̀rọ̀ wà. Ọ̀nà Selkirk, lẹ́bàá Albany, ni rélùwéè ẹrù ti ń rí afárá gbà kọjá odò Hudson, ó sì tó máìlì 140 sí New York. Ẹrù tó ń wo Brooklyn lọ́ọ̀ọ́kán á lọ síbẹ̀, á tún padà wálẹ̀! Afárá kan wà ní Poughkeepsie tó sún mọ́ ìlú ju ìyẹn lọ, àmọ́ ó jóná lọ́dún 1974. Ẹsẹ̀ ni wọ́n fi ń rìn lórí rẹ̀ báyìí.

Ìbéèrè: Ihò abẹ́ omi ńkọ́?

Ìdáhùn: Èyí tó wà láti 1910, èrò ni wọ́n gbẹ́ ẹ fún. Port Authority, àjọ ìjọba tó ń bójú tó èbúté New York àti New Jersey, tí wọ́n dá sílẹ̀ lọ́dún 1921, ti ń gbèrò ti ẹrù láti ìgbà náà. Títí di òní, wọn ò tíì gbẹ́ ẹ, ó sì ń dùn mí. Àwọn náà ló ra rélùwéè orí omi yìí lọ́dún 2008.

Ìbéèrè: Báwo ni wágọ̀nù ṣe ń gun bájì?

Ìdáhùn: Afárá kékeré kan wà létí omi tí orí rẹ̀ ń gòkè, tó ń sọ̀ kalẹ̀, bí omi òkun bá ṣe kún tàbí fà. Wọ́n á so irin orí rẹ̀ mọ́ irin orí bájì, kó ṣe déédéé. Ẹ́ńjìnnì á wá rọra máa ti wágọ̀nù wọlé. Kì í fúnra rẹ̀ gun afárá náà, torí ó wúwo jù. Wágọ̀nù òfìfo ni wọ́n fi ń ṣe ọwọ́ fún un. Wọn kì í kó ẹrù kún apá kan tán kí wọ́n tó bọ́ sí èkejì: díẹ̀ lọ́tùn-ún, díẹ̀ lósì, bí ẹni ń di ẹrù sínú ọkọ̀ ọlọ́pọ́n, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ bájì á dojú dé.

Ìbéèrè: Ṣé ó tó nǹkan tó yẹ ká máa ṣe wàhálà lé lórí?

Ìdáhùn: Ó tó o. Wágọ̀nù kan ń gba ẹrù tírélà mẹ́ta sí mẹ́rin. Nígbà tí bájì bá gbé mẹ́wàá kọjá, tírélà tó ju ọgbọ̀n lọ ni kò ní sí lójú títì lọ́jọ́ yẹn.