Wákàtí 24, Ta Ló Ń Kà Á?

Bí àríyànjiyàn bá dé lórí bóyá ìlànà òmìnira ẹnì kọ̀ọ̀kan ṣì bá ayé òde òní mu, ẹ fi ọ̀rọ̀ olóṣèlú sílẹ̀. Ẹ lọ wo káńtà téṣọ̀n ọlọ́pàá ní Abuja, ní Kubwa, ní Nyanya tàbí ní Lugbe. Ibẹ̀ la ti ń mọ̀ bóyá agbára ìjọba ní ààlà.

Abala 35 nínú ìwé òfin ilẹ̀ wa ti ọdún 1999 ló fa ààlà náà. Láàárín wákàtí 24, ẹni tí wọ́n bá mú gbọ́dọ̀ gba ìdí tí wọ́n fi mú un lákọsílẹ̀, ní èdè tó yé e. Bí oníṣòwò Yorùbá kan ní ọjà Wuse kò bá gbọ́ Haúsá, àlàyé tí wọ́n fi Haúsá ṣe fún un lórí ìdúró kò tíì tó nǹkan kan lójú òfin. Ó lè panu mọ́ títí lọ́yà rẹ̀ tàbí ẹni tó bá yàn yóò fi dé. Wọ́n sì gbọ́dọ̀ gbé e dé iwájú adájọ́ láàárín ọjọ́ kan.

Ọjọ́ kan yìí ni wọ́n ti sọ di méjì. "Ọlọ́pàá ní wákàtí 48," ni wọ́n ń wí lẹ́yìn káńtà, ẹbí tó wá gba béèlì náà á sì máa tún un wí bí ẹni ń ka àkọ́sórí. Irọ́ ni. Ibi tí kò bá sí kóòtù tó láṣẹ láàárín kìlómítà 40 nìkan ni ọjọ́ méjì wà fún. Ní Wuse, ní Bwari, ní Gwagwalada, kóòtù wà nítòsí. Wákàtí 48 míràn wà nínú òfin ìṣẹ́jọ́ ọ̀daràn ti ọdún 2015 tí wọ́n ń lò ní Abuja, tí àwọn lọ́yà ń pè ní ACJA: ó fún ọlọ́pàá ní wákàtí 48 láti kọ orúkọ, wọn gíga, ya fọ́tò, kí wọ́n sì gba ìtẹ̀ka. Iṣẹ́ akọ̀wé ni ìyẹn, kò kan àhámọ́. (Ẹni tí wọ́n bá mú ní Mararaba, kó rántí pé Nasarawa ló wà. Òfin ìpínlẹ̀ ibẹ̀ ni wọn yóò ṣí, àmọ́ abala 35 kò mọ ààlà ìpínlẹ̀.)

Ọgbọ́n inú ètò yìí dà bí mọ́tò tí wọ́n fi ń kọ́ni ní ìwakọ̀, tó ní bíréèkì méjì. Ọlọ́pàá ló di sítíárì mú, adájọ́ jókòó tì í pẹ̀lú bíréèkì tirẹ̀. Awakọ̀ lè jẹ́ èèyàn rere o. Èèyàn rere náà a máa sáré àsápajúdé. Wàhálà ibẹ̀ ni pé ẹ̀ẹ̀kan lóṣù ni adájọ́ ń gbójú sókè wo títì. ACJA ní kí ọ̀gá téṣọ̀n kọ orúkọ gbogbo ẹni tí wọ́n mú láìsí wáràǹtì ránṣẹ́ sí májísíréètì lọ́jọ́ iṣẹ́ tó kẹ́yìn oṣù, kí májísíréètì àgbà sì máa yẹ téṣọ̀n wò, ó kéré tán lẹ́ẹ̀kan lóṣù. Ẹ̀tọ́ tí wọ́n fi wákàtí wọ̀n, oṣooṣù ni wọ́n ń ṣọ́ ọ.

Bíréèkì náà tún ń jò níbòmíràn. Bí ẹ̀sùn bá ju agbára májísíréètì lọ, ọlọ́pàá lè gba àṣẹ lọ́wọ́ rẹ̀ láti fi èèyàn sí àhámọ́ fún ọjọ́ 14, kí wọ́n tún fi 14 kún un. Lẹ́yìn ìyẹn, wọ́n á pe ọ̀gá pátápátá ọlọ́pàá àti mínísítà ètò ìdájọ́ kí wọ́n wá ṣàlàyé. Ẹbí á ní wọ́n ti gbé e dé kóòtù, ọkàn wọn á balẹ̀. Bẹ́ẹ̀, ẹjọ́ kò tíì bẹ̀rẹ̀.

Ohun tó lè mú adájọ́ tẹ bíréèkì kíákíá ni ìlànà ẹ̀tọ́ ọmọnìyàn ti ọdún 2009, èyí tí kóòtù ń tẹ̀lé bí ẹnì kan bá pẹjọ́ pé wọ́n tẹ ẹ̀tọ́ òun lójú. Ẹlòmíràn lè pe ẹjọ́ náà dípò ẹni tó wà ní àhámọ́, ọ̀ràn náà kì í sì í gbó: bó ti wù kó pẹ́ tó, wọn kò lè torí ìyẹn kọ̀ ọ́. Láàárín ọjọ́ 7 tí wọ́n bá fi ìwé sílẹ̀ ló yẹ kí wọ́n dá ọjọ́ ìgbẹ́jọ́. Afidáfíìtì, ìyẹn ìwé ìbúra, ló ń gbé irú ẹjọ́ yìí: èyí tó ní "wọ́n ti mú un tipẹ́" kò lè lágbára tó èyí tó kọ ọjọ́, aago, téṣọ̀n àti orúkọ ọlọ́pàá tó mú un.

Ṣé ó ń ṣiṣẹ́? Ní oṣù kìíní ọdún 1980, ìjọba àpapọ̀ lé Shugaba Abdurrahman Darman, aṣòfin Borno, jáde lọ sí Chad pé kì í ṣe ọmọ Nàìjíríà. Kóòtù ní Maiduguri dá a láre, ó sì ní kí wọ́n san ₦350,000 fún un. Kóòtù kòtẹ́milọ́rùn gé e sí ₦50,000. Ní oṣù Kejìlá ọdún 2016, ilé ẹjọ́ gíga ìjọba àpapọ̀ ní Abuja ní kí wọ́n tú Ibrahim El-Zakzaky, olórí ẹgbẹ́ Mùsùlùmí Shia, sílẹ̀ ní àhámọ́ láàárín ọjọ́ 45. Oṣù Keje ọdún 2021 ló tó jáde, lẹ́yìn tí kóòtù míràn ní Kaduna dá a sílẹ̀.

Owó gbà-má-bínú ló le jù nínú gbogbo rẹ̀. Abala 84 òfin Sheriffs and Civil Process, òfin tó sọ bí wọ́n ṣe ń mú ìdájọ́ kóòtù ṣẹ, ní kí ẹni tó jàre gba ìyọ̀ǹda mínísítà ètò ìdájọ́ kí kóòtù tó lè fọwọ́ kan owó tó wà lọ́wọ́ òṣìṣẹ́ ìjọba àpapọ̀. Mínísítà yìí kan náà ni olórí lọ́yà fún ìjọba tó jẹ gbèsè. Ní 2017, ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ ní ìyọ̀ǹda náà kò pọn dandan bí mínísítà fúnra rẹ̀ bá lọ́wọ́ nínú gbèsè náà. Ẹjọ́ ẹni tí wọ́n kàn tì mọ́ téṣọ̀n kì í sábà kan mínísítà, nítorí náà ìwé ìyọ̀ǹda ló ṣì máa ń pàdé lọ́nà.