Àbújá Ló Fọwọ́ Síwèé, Ìpínlẹ̀ Ló Nigbó

Ìbéèrè tí àwọn èèyàn máa ń bi àwa tí à ń ṣiṣẹ́ igbó jù ni pé, "Ṣé ìjọba ò rí gbogbo igi tó ń lọ yìí ni?" Ìjọba rí i. Nàìjíríà fọwọ́ sí àdéhùn àgbáyé lórí ààbò oríṣiríṣi ohun ẹlẹ́mìí ní Rio ní 1992, ó sì fi òǹtẹ̀ lù ú ní 1994. Nígbà tí àwọn orílẹ̀-èdè pàdé ní Montreal ní Oṣù Kejìlá 2022, tí wọ́n pinnu pé ìdá 30 nínú 100 ilẹ̀ àti omi ayé gbọ́dọ̀ wà lábẹ́ ààbò tó bá fi máa di 2030, a wà níbẹ̀. Ìwé ò wọ́n ní Àbújá. Ohun tó yẹ kí ẹ máa bi wá ni pé, ìjọba wo?

Òfin ilẹ̀ ti 1978 fi ilẹ̀ ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan sí ìkáwọ́ gómìnà ibẹ̀. Àwọn ọgbà ẹranko ńlá ti orílẹ̀-èdè, bí èyí tó yí ahoro Ọ̀yọ́-Ilé ká, ni Àbújá ń bójú tó fúnra rẹ̀. Méje péré ni wọ́n fún ọdún pípẹ́ kí ìjọba Buhari tó fi mẹ́wàá kún un. Ṣùgbọ́n igbó ọba tí ẹ mọ̀, Omo ní Ògùn, Olúwa àti Ìdànrè ní Oǹdó, Ìsẹ̀ ní Èkìtì níbi tí ìnàkí ṣì wà, ti ìpínlẹ̀ ni gbogbo wọn. Mínísítà tó ṣèlérí nílẹ̀ òkèèrè ò lè pàṣẹ fún aṣọ́gbó kan ṣoṣo ní Ìdànrè.

Kí ni ìpínlẹ̀ wá ń fi igbó ṣe? Níbi púpọ̀, ẹ̀ka igbó wà lára àwọn ẹ̀ka tí wọ́n ń bu iye owó tí wọ́n gbọ́dọ̀ pa wọlé fún lọ́dọọdún. Ẹ rò ó wò: ẹni tí wọ́n ní kó ṣọ́ igi ni wọ́n ń yìn nígbà tí owó igi gígé bá pọ̀. Èmi ò mọ òfin tó lè tún èyí ṣe bí ètò ìnáwó ò bá kọ́kọ́ yí padà. Cross River gbìyànjú. Wọ́n fòfin de gẹdú gígé ní 2008, ṣùgbọ́n igi ò yéé ṣubú, torí ẹni tó ń jẹ níbẹ̀ ò rí ibòmíràn jẹ.

Lórí ìwé, ètò ìṣọ́ gẹdú wa dára. Agégẹdú tó sanwó ní òòlù tirẹ̀ tí lẹ́tà wà lójú rẹ̀. Bí igi bá ṣubú, yóò lu òòlù náà mọ́ kùkùté, yóò tún lù ú mọ́ gẹdú; òṣìṣẹ́ ìjọba yóò wá lu tìjọba lé e kí ọkọ̀ tó gbé e jáde. Ẹni tó bá fẹ́ yẹ̀ ẹ́ wò á kàn fi lẹ́tà ara gẹdú wé ti kùkùté ni. Torí náà, bí ẹ bá ń kọjá nínú igbó tí ẹ rí kùkùté ọ̀gànwó tí oje ṣì ń sun lára rẹ̀, tí kò ní lẹ́tà kankan, iṣẹ́ olè lẹ rí yẹn. Ẹ̀rọ ìgégi ló wá ba ètò yìí jẹ́. Inú igbó níbẹ̀ ni wọ́n ti ń la igi sí pákó, òru ni ọkọ̀ ń kó o, ta ló sì ń lu òòlù mọ́ pákó? Bí ẹ bá ń kọ́lé, ẹ ní kí ẹni tó ń ta pákó fún yín fi ìwé àṣẹ tí wọ́n fi gbé e jáde hàn yín. Púpọ̀ nínú wọn á rẹ́rìn-ín. Ẹ ṣáà béèrè.

Omo ló máa ń ká mi lára jù. Láti 1925 ló ti di igbó ọba, UNESCO, àjọ àgbáyé fún ẹ̀kọ́ àti àṣà, sì kọ orúkọ rẹ̀ mọ́ àwọn igbó tó yẹ kí ayé dáàbò bò ní 1977. Erin ṣì wà níbẹ̀, erin gidi, ibi tí kò fi bẹ́ẹ̀ jìnnà sí Èkó. Ní 2021, IUCN, àjọ àgbáyé tó ń rí sí ààbò ohun ẹlẹ́mìí, kéde pé erin igbó ti dé bèbè ìparun. Ní 2024, ìjọba àpapọ̀ gbé ètò ìdáàbòbò erin jáde. Ẹ lè ní kí ló kàn yín. Erin máa ń jẹ èso igi òro, á sì fi ìgbẹ́ gbé kóró rẹ̀ lọ síbi tó jìnnà, níbi tí yóò ti hù. Inú kóró yẹn ni àpọ̀n tí ẹ ń fi jẹ ẹ̀bà ti ń wá. Ẹyẹ ò lè gbé kóró ńlá bẹ́ẹ̀ mì.

Nínú igbó yìí kan náà ni ìjọba ti gé igi abínibí, tó gbin málínà, igi ilẹ̀ òkèèrè tó ń yára dàgbà, rẹpẹtẹ, pé ilé iṣẹ́ ìwé Ìwópin ni yóò máa lò ó. Ilé iṣẹ́ náà ò rìn bí wọ́n ṣe rò. Málínà ṣì wà. Ẹ dúró lábẹ́ rẹ̀ kí ẹ wòye: igi kan náà ló tò lọ bí oko àgbàdo, púpọ̀ nínú ẹranko igbó abínibí ò sì lè fi ibẹ̀ ṣe ilé. Nígbà tí gómìnà bá ní òun gbin mílíọ̀nù igi, ẹ bi í pé igi wo.

Àwọn olóko kòkó inú igbó ọba náà ńkọ́? Àwọn kan bá baba wọn níbẹ̀ ni. Kí wọ́n lé wọn lónìí, kí wọ́n padà lọ́la, kò tíì gba igi kankan là lójú tèmi. Òfin tí àwọn ará Yúróòpù ṣe ní 2023 lè ṣe ohun tí ìbọn aṣọ́gbó ò lè ṣe: kòkó tó bá wá láti ilẹ̀ tí wọ́n pa igbó rẹ̀ lẹ́yìn 31 Oṣù Kejìlá 2020 ò ní wọ ọjà wọn. Wọ́n ti sún ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀ síwájú ju ẹ̀ẹ̀kan lọ. Síbẹ̀, ẹni tó bá ní oko kòkó, kó tètè jẹ́ kí wọ́n fi fóònù gba ààlà oko rẹ̀ sílẹ̀, kó lè fi hàn ibi tí kòkó rẹ̀ ti wá, kó má sì fẹ̀ ẹ́ wọ igbó ọba mọ́.

Ní ti ẹranko, òfin 1985 ló wà nílẹ̀. ₦1,000 ni owó ìtanràn ẹranko kan nígbà náà. Wọ́n sọ ọ́ di mílíọ̀nù márùn-ún ní 2016. Ní 2025, ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin méjèèjì fọwọ́ sí àbádòfin tuntun tí ẹ̀wọ̀n inú rẹ̀ lè tó ọdún 10. Ó tọ́ bẹ́ẹ̀. Ní 2021, ìpẹ́ akíka tó lé ní tọ́ọ̀nù 7 ni àwọn aṣọ́bodè gbà ní Lẹ́kí. Ẹni tó ń kó irú ẹrù bẹ́ẹ̀ ò ní bẹ̀rù owó ìtanràn. Àwa náà ò sì mọ́ níbẹ̀. A kì í pa igún, a kì í jẹ igún, a kì í fi igún bọ orí, bẹ́ẹ̀ la máa ń wí, orí igún sì wà lórí àtẹ lẹ́kùlẹ́jà.

Wọ́n tún máa ń bi mí pé, bí ọdẹ bá na akíka láàyè sí wọn lẹ́bàá títì, ṣé kí àwọn rà á kí àwọn lọ tú u sílẹ̀? Rárá o. Owó yín ló máa rán ọdẹ náà padà sínú igbó lóru ọjọ́ yẹn. Ẹ má sì gbé e lọ sílé láti sìn ín. Ikán àti èèrà ló ń jẹ, kì í pẹ́ kú nínú àgò. Ẹ kọ ibi tí ẹ ti rí i àti aago tó lù sílẹ̀, ẹ ya fọ́tò bí kò bá léwu, kí ẹ pe NESREA, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń mú òfin àyíká ṣẹ, tàbí ẹ̀ka igbó ìpínlẹ̀ yín. Bí wọn ò bá gbé ìpè yín, ẹ tún pè.