Ẹ Yé Fi Irin Kún T-34

Ọmọ Èkó kan tó wálé ọdún Iléyá ló tún bẹ̀rẹ̀ ẹ̀. Kò tíì jókòó dáadáa tó fi ní, "Bọ̀ọ̀dá, àwọn tó ṣe géèmù yìí kórìíra Rọ́ṣíà. Ẹ bá mi fi irin kún T-34." Géèmù ogun ni, T-34 sì ni táńkì Rọ́ṣíà ìgbà Ogun Àgbáyé Kejì. Ẹni tó wà nídìí kọ̀ǹpútà kejì dá a lóhùn pé irọ́ ni, Rọ́ṣíà gan-an ni wọ́n ń gbè. Bí Ojúde Ọba bá ti ń sún mọ́lé tí Ìjẹ̀bú-Òde kún, ọ̀rọ̀ méjèèjì yìí kì í kúrò nínú ṣọ́ọ̀bù mi. Ó ti sú mi.

Kò sẹ́ni tó ń gbè sẹ́yìn ẹnikẹ́ni. Ẹni tó kọ nọ́ńbà sínú fáìlì ronú kan irin, ó ronú kan ìbọn, kò ronú kan àwọn èèyàn tó wà nínú ọkọ̀. Ohun tó fà á nìyẹn. Mi ò ní kọ́ yín bí wọ́n ṣe ń ṣí fáìlì ọkọ̀ ogun o. Ẹni tí kò bá mọ ìyẹn, kó máa gbá géèmù ẹ̀ bó ṣe bá a.

Ọ̀rọ̀ irin kò gùn. Irin iwájú T-34 jẹ́ mílímítà 45. Koshkin tó darí iṣẹ́ ọkọ̀ náà ní ìlú Kharkov kò nà án ró; ó dà á sẹ́yìn gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́, dígíríì 60 sí òòró, débi pé ọta tó bá ń bọ̀ tààrà ní láti la mílímítà 90 kọjá kó tó wọlé. Géèmù yín ti mọ èyí, ó ń ṣe ìṣirò ìdagẹ̀rẹ̀ náà fúnra ẹ̀. Nígbà tí ẹ bá wá ka "90" lórí íntánẹ́ẹ̀tì, tí ẹ sáré pa 45 rẹ́, tí ẹ kọ 90 sí i, 180 lẹ fún un yẹn. Tiger, táńkì Jámánì tí ẹ̀ ń sá fún, 100 ni irin iwájú tiẹ̀. Ẹ wá tún ń bi mí pé kí ló dé tí géèmù ò dùn mọ́.

Orí táńkì, ibi tí ìbọn wà tó ń yí yẹn, ibẹ̀ ni kí ẹ wò. T-34 àkọ́kọ́, èyí tó ní ìbọn mílímítà 76, èèyàn mẹ́rin ló ń gbé. Méjì péré ló wà lórí. Ọ̀kan ń ki ìbọn. Ìkejì ni ọ̀gá ọkọ̀, òun náà ló sì ń yìn ín. Ẹ fojú inú wo dánfó tí dẹ́rẹ́bà fúnra ẹ̀ ń gbowó lọ́wọ́ èrò, tó ń wá ṣéńjì, tó tún yọrí síta tó ń ké "Ṣàgámù! Ṣàgámù!" T-34 ọdún 1941 nìyẹn. Ọ̀gá ọkọ̀ ló ń wá ọ̀tá, òun ló ń fojú sun ún, òun ló ń yìnbọn, òun ló ń sọ ibi tí awakọ̀ máa gbà. Tó bá ti gbójú lé awò ìbọn báyìí, kò sẹ́ni tó ń wo ọ̀tún, kò sẹ́ni tó ń wo òsì. Bó bá tún jẹ́ olórí àwọn ọkọ̀ mìíràn, ó gbọ́dọ̀ máa ṣọ́ wọn pẹ̀lú, torí ọ̀pọ̀ wọn kò ní rédíò lọ́dún yẹn. Àsíá ni wọ́n ń jù síra wọn.

Tí ẹ bá fẹ́ kó jọ òótọ́, ẹ fi irin sílẹ̀ jẹ́ẹ́. Ẹ wá ibi tí wọ́n kọ àkókò tí ọkọ̀ fi ń rí ọ̀tá, kí ẹ jẹ́ kó pẹ́ sí i. Ẹ bu ojú ẹ̀gbẹ́ ẹ̀ kù nígbà tó bá ń yìnbọn. Ẹ yọ rédíò lára ọkọ̀ tí kì í ṣe ti olórí. Lẹ́yìn náà ẹ já owó ẹ̀ wálẹ̀, kí ẹni tó mú Rọ́ṣíà lè ra rẹpẹtẹ. T-34 tí wọ́n ṣe nígbà ogun ju 50,000 lọ. Tiger kò pé 1,400. Ẹ ò lè fún èèyàn ní T-34 kan sí Tiger kan kí ẹ wá máa sunkún pé wọ́n rẹ́ Rọ́ṣíà jẹ.

Ní 1944, T-34-85 dé ojú ogun. Gbogbo ayé ń pariwo ìbọn 85 tó gbé wá. Èmi, ìjókòó kẹta tí wọ́n fi kún orí ọkọ̀ ni mò ń pariwo. Ọ̀gá ọkọ̀ bọ́ lọ́wọ́ ìbọn, ó ráyè wo ìta. Mo ní kí ẹ dá ojú tí ẹ gbà lọ́wọ́ èkíní padà fún èyí, kódà bí ẹ ò bá fi nǹkan kan kún ìbọn ẹ̀.

IS-2, táńkì ńlá Rọ́ṣíà, ńkọ́? Mo rí fáìlì kan tí ẹnì kan fi ìṣẹ́jú-àáyá 6 sí ibi tó ń ki ìbọn. Ẹni náà ò gbé ẹrù rí láyé ẹ̀. Ìbọn mílímítà 122 ni. Orí ọta nìkan tó kílò 25, ẹ̀tù ẹ̀ sì wà lọ́tọ̀ nínú agolo tiẹ̀. Akìbọn máa gbé orí ọta, á tì í wọlé, á tún yíjú padà gbé agolo ẹ̀tù, á tì í tẹ̀lé e, níbi tí kò ti lè na ẹ̀yìn dáadáa. Ẹ̀ẹ̀mejì sí ẹ̀ẹ̀mẹ́ta ló ń yìn láàárín ìṣẹ́jú kan. Èmi fi ìṣẹ́jú-àáyá 25 sí tèmi. Ẹ tún rántí pé ọta 28 ló ń gbé, Tiger ń gbé 92, kí ẹ yé yìn ín bí ìbọn ọdẹ àríyá.

T-72, táńkì Rọ́ṣíà tó dé lẹ́yìn ogun yẹn, tí àwọn ọmọ ogun tiwa náà ń lò, kò ní akìbọn. Ẹ̀rọ ló ń ki í, láti inú àwo roboto kan tó gba ọta 22 nílẹ̀ ọkọ̀. Ìyókù, ọwọ́ ni wọ́n á fi kó o síbẹ̀, nítorí náà bí 22 bá tán, ẹ jẹ́ kó lọ́ra. Ọkọ̀ náà kúrú, mítà 2.2 péré ni gíga ẹ̀, ó ṣòro láti rí. Àmọ́ àjà tó kúrú náà ni kò jẹ́ kí ẹnu ìbọn lè tẹ̀ wálẹ̀ púpọ̀, torí ìdí ìbọn á kan àjà. Tó bá ń fẹ̀yìn rìn, bíi kìlómítà 4 ní wákàtí. Ẹ fi 4 náà sílẹ̀. Ẹ má sì fi bí wọ́n ṣe fọ́ ti Iraq lójú ogun ọdún 1991 dá a lẹ́jọ́; èyí tí wọ́n ń tà sókè òkun ni wọ́n ní níbẹ̀, irin ẹ̀ kò tó ti Rọ́ṣíà fúnra ẹ̀.

Àwọn tí inú ń bí mi sí gan-an ni àwọn ọmọ tó ń ta mod, ìyẹn àtúnṣe géèmù, nínú fìláàṣì. Oníbàárà mi kan ní Rẹ́mọ ra "T-34 Àìkú" lọ́wọ́ wọn. Wọ́n ní kó kọ́kọ́ pa antivirus, pé ó máa ń dí mod lọ́wọ́. Ó pa á. Táńkì náà kò kú lóòótọ́. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, gbogbo fáìlì inú láptọ́ọ̀pù ti yí orúkọ padà, ìkankan ò ṣí mọ́, lẹ́tà kan wá wà lójú ẹ̀ tó ń bèèrè Bitcoin. Láptọ́ọ̀pù ọ̀hún, ti ìyá ẹ̀ ni. Ìyá yìí ni akápò ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù àwọn aláṣọ, inú ibẹ̀ ni àkọsílẹ̀ ẹni tó dáwó, ẹni tó yáwó àti ẹni tó kù tí kò tíì san wà. Kò sí ẹ̀dà kankan níbòmíràn.

Wọ́n kọ́kọ́ ní ayé ló ń ṣe ìyá náà. Wọ́n gbé láptọ́ọ̀pù lọ sórí òkè àdúrà! Ayé kọ́ o, fáìlì .exe ni, irú èyí tó máa ń ṣiṣẹ́ fúnra ẹ̀ bí ẹ bá ti tẹ̀ ẹ́. Kó tó dé ọ̀dọ̀ mi, ẹnì kan ti gbowó lọ́wọ́ wọn pé òun á ṣí i, kò sì ṣí i. Èmi náà ò lè ṣí i, mo sì sọ fún wọn lójúkorojú. Káàdì ọwọ́ oníkálukú ni wọ́n padà fi ń kọ ìwé náà látìbẹ̀rẹ̀. Ti ẹlòmíràn ti ya, ti ẹlòmíràn ti rẹ nínú omi, ìyàwó ilé kan búra pé òun ti san gbèsè tán, kò sẹ́ni tó lè fìdí ẹ̀ múlẹ̀. Àwọn obìnrin tó jọ ń dá aṣọ ẹgbẹ́ ò kí ara wọn mọ́.

Fáìlì ọkọ̀ ogun inú géèmù tí à ń gbá yìí, ọ̀rọ̀ lásán ló wà nínú ẹ̀. Ẹ fi Notepad ṣí i, ẹ ó rí 45, ẹ ó rí 60. Èyí tó bá parí sí .exe, tó tún ní kí ẹ pa antivirus, ẹ má tẹ̀ ẹ́. Ẹ gbé e wá kí n wò ó, mi ò gbowó wíwò. Àtúnṣe IS-2 nìkan ni mò ń gbowó ẹ̀.