Èéfín Ìkòròdú: ta ló ń rú u, ibo la ti lè dín in kù?

Ní Ìkòròdú níbí, bí ọ̀rọ̀ èéfín tó ń mú ayé gbóná bá ti wáyé, àríyànjiyàn ló máa ń dà. Ẹnì kan á ní iṣẹ́ ìjọba ni, ẹlòmíì á ní ọ̀ràn òyìnbó ni, ẹnì kẹta á lọ fa okùn jẹnẹrétọ̀ rẹ̀. Mo ṣa àwọn ìbéèrè tí mo sábà máa ń gbọ́ jọ síbí. Lójú tèmi, iná mànàmáná ni ìdí ọ̀rọ̀ náà, òun ló so iṣẹ́ ọwọ́ wa, ọjà wa àti ilé ìdáná wa pọ̀. Ṣùgbọ́n àwọn nǹkan kan wà tí kò yẹ kí a fi dúró de iná rárá.

Ìbéèrè: Ṣé àwa la ba ayé jẹ́ ni, tí wọ́n fi ní ká dín èéfín kù?

Rárá o. Kábọ́ọ̀nù dáyọ́ksáídì ni olórí èéfín tó ń mú ayé gbóná. Èyí tó ń jáde nígbà tí ayé bá ń sun epo, gáàsì àti èédú inú ilẹ̀, ti gbogbo Áfíríkà nínú rẹ̀ kò ju nǹkan bí ìdá 4 nínú 100 lọ. Tí a bá pín ti Nàìjíríà fún gbogbo ọmọ ilẹ̀, kò kan ẹnì kan tó tọ́ọ̀nù kan lọ́dún. Ní Amẹ́ríkà, ó ń lọ bíi tọ́ọ̀nù 14.

Síbẹ̀, owó tiwa ló ń jó, àyà tiwa ló ń fa èéfín náà sínú. Bí òkun bá sì ń ga sí i, ilẹ̀ etí ọ̀sà bíi ti Bàyẹkú ni omi máa kọ́kọ́ kàn. Ní 2021, Nàìjíríà ṣèlérí pé tó bá fi máa di 2030, òun á ti fi ìdá 20 nínú 100 dín ohun tí ì bá jáde kù, tí àwọn orílẹ̀-èdè olówó bá sì ràn wá lọ́wọ́, ó lè dé 47. Ìlérí Àbújá nìyẹn. Àdúgbò bíi tiwa ló máa mú un ṣẹ tàbí kó yẹ̀.

Ìbéèrè: Lítà bẹntiróòlù kan kò wúwo tó kílò kan. Báwo ló ṣe máa wá mú èéfín kílò méjì jáde?

Ó ju méjì lọ pàápàá, ó tó nǹkan bí kílò 2.3. Lítà bẹntiróòlù kan wọn nǹkan bí kílò 0.75, kábọ́ọ̀nù ló sì pọ̀ jù nínú rẹ̀. Bó ṣe ń jóná, ẹyọ kábọ́ọ̀nù kọ̀ọ̀kan á di ẹyọ ọ́síjìn méjì mú nínú afẹ́fẹ́ tí ẹ́ńjìnnì ń fà sínú, ọ́síjìn méjèèjì yẹn sì wúwo ju kábọ́ọ̀nù tó dì wọ́n mú lọ. Ó dà bíi gààrí tí a bomi sí: ohun tó wà nínú abọ́ ti wúwo ju gààrí tí a wọ̀n lọ́jà. Ti dísẹ́ẹ̀lì tún ju ti bẹntiróòlù lọ, nǹkan bí kílò 2.7 ni lítà kan ń mú jáde.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀. Ṣọ́ọ̀bù tó bá ń sun lítà mẹ́rin lójoojúmọ́ ń tú kílò 9 sínú afẹ́fẹ́ lọ́jọ́ kan. Kí ọdún tó yí po, ó ti ju tọ́ọ̀nù mẹ́ta lọ. Ṣọ́ọ̀bù kékeré kan ṣoṣo lè tipa bẹ́ẹ̀ ru ẹrù ènìyàn mẹ́ta àti jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ìbéèrè: Egbin, ilé iṣẹ́ ńlá tó ń pèsè iná mànàmáná, wà lẹ́nu ọ̀nà wa níbí. Kí ló dé tí a ṣì ń tan jẹn?

Kò sí ìbéèrè tó ń dun ará Ìkòròdú tó èyí, ó sì yẹ kó dùn wá. Ẹ̀rọ mẹ́fà ló wà ní Egbin láti àárín àwọn ọdún 1980, ọ̀kọ̀ọ̀kan lè pèsè mẹ́gáwáàtì 220, àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ 1,320. Ṣùgbọ́n iná tó bá jáde níbẹ̀ kì í yà sílé aládùúgbò. Orí wáyà gíga ló ń gbà wọ inú ìṣùpọ̀ iná gbogbo orílẹ̀-èdè. Òṣogbo ni wọ́n ti ń darí ìṣùpọ̀ náà, lẹ́yìn náà ni ilé iṣẹ́ tó ń pín iná á gba ìpín tirẹ̀, á sì fi ránṣẹ́ sí tiransifọ́mà àdúgbò yín, bí tiransifọ́mà náà bá wà láàyè. Ọ̀nà tó wà láàárín Egbin àti ṣọ́ọ̀bù yín jìn ju ohun tí a lè fi máìlì wọ̀n.

Ṣé Egbin alára kò ní èéfín ni? Ó ní. Gáàsì ló ń sun láti fi hó omi, ooru omi híhó yẹn ló ń yí ẹ̀rọ. Nínú irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀, díẹ̀ ló fi ju ìdá kan nínú mẹ́ta agbára gáàsì tó ń di iná, ìyókù ń bá ooru lọ. Irú tó dé lẹ́yìn rẹ̀ máa ń kó ooru tó fẹ́ ṣòfò láti fi hó omi lẹ́ẹ̀kejì, ó sì ń rí ju ìdajì lọ. Ṣùgbọ́n pẹ̀lú gbogbo àbùkù Egbin, iṣẹ́ kan náà tí jẹnẹrétọ̀ kékeré bá ṣe, èéfín tirẹ̀ ń lọ sí nǹkan bí ìlọ́po méjì. Ìdí nìyí tí mo fi ń sọ pé wáyà tó dára àti tiransifọ́mà tuntun jẹ́ ọ̀rọ̀ ojú ọjọ́, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò sẹ́ni tó ń pè é bẹ́ẹ̀.

Ìbéèrè: Ẹ ní ká ra sólà. Ṣé sólà lè gbé iṣẹ́ ọwọ́ wa?

Ó kù sí irú iṣẹ́ tí ẹ ń ṣe. Onígbàjámọ̀ tó ń fi kílípà ṣiṣẹ́, télọ̀, ẹni tó ń bá èèyàn ṣáàjì fóònù: àwọn yìí lè kúrò lórí jẹn pátápátá, nítorí ohun tí wọ́n ń lò kéré, ọ̀sán ni wọ́n sì ń lò ó jù.

Ìyá tó ń ta ohun mímu tútù lọ́jà Sábó, tiwọn gba ọgbọ́n díẹ̀. Bátìrì ló ń gbówó lórí jù, nítorí náà ẹ má fi bátìrì tọ́jú gbogbo iná. Ẹ fi fírísà tọ́jú òtútù. Ẹ ra irú fírísà tí wọ́n ń ṣí láti òkè, ẹ to ike omi yí inú rẹ̀ ká, kí pánẹ́ẹ̀lì sọ omi náà di yìnyín nígbà tí oòrùn bá mú. Tó bá di alẹ́, ẹ pa á, ẹ má ṣe máa ṣí i ṣáá. Yìnyín yẹn á gbé e di àárọ̀, bátìrì kékeré á sì tó fún gílóòbù àti fáànù.

Ẹ̀yin wẹ́dà, n kò ní tàn yín. Ẹ̀rọ ìjórin àtijọ́ tó kún fún kọ́pà ń fa iná púpọ̀. Ẹ̀rọ kékeré tòde òní, tí wọ́n ń gbé kọ́ èjìká, ń ṣe iṣẹ́ kan náà pẹ̀lú iná tó dín kù. Ìyẹn ni kí ẹ kọ́kọ́ pààrọ̀ kí ẹ tó dárúkọ sólà rárá.

Bí kò bá sí owó fún èyíkéyìí nínú ìwọ̀nyí ńkọ́? Ẹ wo ìlà ṣọ́ọ̀bù yín. Ṣọ́ọ̀bù mẹ́wàá, jẹn mẹ́wàá, gílóòbù méjì àti fáànù kan lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan. Jẹn tó ń ṣiṣẹ́ díẹ̀ ń mu epo bí ẹni pé iṣẹ́ ńlá ló ń ṣe. Bí ẹ bá dáwó jọ ra ọ̀kan tó mọ níwọ̀n, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ní mítà tirẹ̀, epo á dín, ariwo á dín. Ohun tó ṣòro níbẹ̀ ni àjọṣe, mo mọ̀.

Ìbéèrè: Bí ilé iṣẹ́ kan ní Odogùnyàn bá ń lo iná NEPA, ọrùn ta ni wọ́n máa ka èéfín Egbin sí?

A lè kà á sọ́rùn ẹni tó pèsè iná, a sì lè kà á sọ́rùn ẹni tó lò ó. A ò kàn gbọ́dọ̀ kà á sọ́rùn àwọn méjèèjì, kí iye náà má di ìlọ́po méjì lórí ìwé. Bí ilé iṣẹ́ náà bá pa jẹn dísẹ́ẹ̀lì rẹ̀ tó wá lọ sórí iná NEPA, ìwé tirẹ̀ á mọ́, ti Egbin á dọ̀tí sí i díẹ̀. Àpapọ̀ méjèèjì ni kí a máa wò.

Ohun kan náà ló ṣẹlẹ̀ sí sìmẹ́ńtì. A ń kọ́lé níbí lójoojúmọ́, ṣùgbọ́n Ewékorò ní ìpínlẹ̀ Ògùn wà lára ibi tí wọ́n ti ń sun òkúta ẹfun tí wọ́n fi ń ṣe é. Òkúta náà fúnra rẹ̀ máa ń tú kábọ́ọ̀nù dáyọ́ksáídì sílẹ̀ bí iná bá ti mú un, ó sì ju ìdajì gbogbo èéfín sìmẹ́ńtì lọ. Iná mànàmáná tó mọ́ kò lè wo ìyẹn sàn. Ìṣirò Ìkòròdú nìkan kò sì ní fi í hàn.

Ìbéèrè: Gáàsì ìdáná náà, ṣebí inú ilẹ̀ ni wọ́n ti wà á? Èwo ló fi sàn ju èédú igi lọ?

Òótọ́ ni pé inú ilẹ̀ ló ti wá. Ṣùgbọ́n kí kílò èédú kan tó jáde nínú ebu, níbi tí wọ́n ti ń sun igi di èédú, ó lè gba igi kílò márùn-ún tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, èéfín ibẹ̀ kò sì ní òǹkà. Bí wọ́n bá gbin igi mìíràn dípò, igi náà á fa kábọ́ọ̀nù padà. Ẹ̀yin náà mọ̀ bóyá wọ́n ń gbìn ín. Mo dìbò fún gáàsì, pàápàá nítorí ojú àti àyà ẹni tó ń dáná.

Ìbéèrè: Èwo ni èéfín rẹ̀ kéré jù, BRT (bọ́ọ̀sì ńlá tó ní ọ̀nà tirẹ̀) ni tàbí ọkọ̀ ojú omi?

BRT tó kún, kò sí àní-àní. Láti November 2015 ló ti ń ná Ìkòròdú sí Máìlì 12, bọ́ọ̀sì ńlá kan sì ń kó èrò dánfó mẹ́ta tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ọkọ̀ ojú omi láti Ìpakodò ń yọ èèyàn nínú gosílóò, ṣùgbọ́n ọkọ̀ kékeré tó ń sáré lórí omi ń mu bẹntiróòlù gan-an, ẹ má jẹ́ kí afẹ́fẹ́ ọ̀sà tàn yín. Ọkọ̀ tí wọ́n yí sí CNG, ìyẹn gáàsì tí wọ́n fún pọ̀ sínú sìlíńdà, ń dín kábọ́ọ̀nù kù ní nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́rin tàbí márùn-ún, bí kò bá jò. Bó bá ń jò, mítéènì ni gáàsì yẹn, ó ń mú ayé gbóná ju kábọ́ọ̀nù dáyọ́ksáídì lọ dáadáa, àǹfààní rẹ̀ á sì bá afẹ́fẹ́ lọ.

Ìbéèrè: Ìrẹsì Ìmọ̀tà àti irin Odogùnyàn ńkọ́?

Ní January 2023 ni wọ́n ṣí ilé iṣẹ́ ìrẹsì Ìmọ̀tà, tí wọ́n kọ́ láti máa lọ tọ́ọ̀nù 32 ní wákàtí kan. Nǹkan bí ìdá kan nínú márùn-ún ìrẹsì oníhóró ni èèpo, a sì lè fi èèpo náà dáná tí wọ́n fi ń bọ ìrẹsì dípò dísẹ́ẹ̀lì. Ní ti irin, yíyọ́ kọ́ńdẹ́m, ìyẹn àlòkù irin, ń gba agbára tó kéré púpọ̀ sí ti irin tí a wà nínú ilẹ̀. Àwọn ọmọ tó ń ti ọmọlanke kiri láti ra kọ́ńdẹ́m wà lára iṣẹ́ náà, ó sì yẹ kí a máa bọ̀wọ̀ fún wọn.

Ìbéèrè: Kí ni kò yẹ ká fi dúró de iná?

Méjì. Àkọ́kọ́ ni gáàsì fíríìjì. Irú èyí tí wọ́n ń pè ní R134a ń mú ayé gbóná ju kábọ́ọ̀nù dáyọ́ksáídì lọ ní ìlọ́po tó lé ní 1,000. Gíráàmù 100 péré, tó lè wà nínú fíríìjì ilé kan, bí rìpíárà bá gé páìpù tó tú u dànù ní "fúù", ó tó kí a sun bẹntiróòlù nǹkan bí lítà 60. Ẹ sọ fún un kó fà á sínú sìlíńdà. Bí ẹ bá fẹ́ ra tuntun, ẹ wo bébà ẹ̀yìn rẹ̀: R600a sàn jù lọ́nà tó jìnnà, ṣùgbọ́n ó ń gbiná, kí ẹni tó mọṣẹ́ nìkan fọwọ́ kàn án.

Èkejì ni ìdọ̀tí ọjà. Ewé ẹ̀fọ́, tòmátì tó rà, èèpo ẹ̀gẹ́, bí a bá kó wọn jọ gègèrè sórí ààtàn tí afẹ́fẹ́ kò ráyè wọ ìsàlẹ̀, mítéènì ni wọ́n ń mú jáde. Láàárín 20 ọdún, mítéènì ń mú ayé gbóná ní nǹkan bí ìlọ́po 80 ti kábọ́ọ̀nù dáyọ́ksáídì. Dídáná sun ún kì í ṣe ojútùú, a kàn ń kó o wọ àyà ara wa ni. Kí ìyálọ́jà àti ìjọba ìbílẹ̀ fi dúrọ́ọ̀mù méjì sí ẹnu ìlà kọ̀ọ̀kan, ọ̀kan fún ohun tó ń jẹrà, ọ̀kan fún ọ̀rá àti ike. Kí èèpo tó ṣì dára lọ sọ́dọ̀ àwọn tó ń sin ewúrẹ́, kí ìyókù di ajílẹ̀ fún àwọn tó ń gbin ẹ̀fọ́, kí wọ́n máa yí i kí afẹ́fẹ́ lè wọ̀ ọ́. Kò gba mẹ́gáwáàtì kankan. Dúrọ́ọ̀mù ló gbà, àti ẹni tí wọ́n ń sanwó fún láti dúró tì í láàárọ̀, nígbà tí àwọn alátà bá ń tú apẹ̀rẹ̀.