RETURN Kọ́ Ló Ń Gbé Dátà Jáde Nínú Stored Procedure

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti ń kọ function ní Python tàbí JavaScript kẹ́ ẹ tó fọwọ́ kan dátábéèsì, ó ṣeé ṣe kẹ́ ẹ gbà pé RETURN náà ni stored procedure (àkójọ àṣẹ SQL tó lórúkọ, tí a tọ́jú sínú dátábéèsì) fi ń dá dátà padà. Kò rí bẹ́ẹ̀. Nínú SQL Server, ìyẹn dátábéèsì ti Microsoft, odidi nọ́ńbà kan péré ni RETURN lè mú jáde, iṣẹ́ rẹ̀ sì ni láti sọ fún ẹni tó pe procedure bóyá nǹkan yọrí. Bí kò bá sí àṣìṣe, tẹ́ ẹ ò sì kọ RETURN kankan, 0 ló máa dá padà fúnra rẹ̀.

Ohun tó jẹ́ kí ìgbàgbọ́ yìí pẹ́ nílẹ̀ ni pé ó máa ń ṣiṣẹ́ fún àwọn kan. Wọ́n á fi ìlà tuntun sínú tábìlì, wọ́n á kọ RETURN SCOPE_IDENTITY(), nọ́ńbà ìlà náà á sì jáde wọ́ọ́rọ́wọ́. Ó ṣẹlẹ̀ pé odidi nọ́ńbà ni wọ́n ń wá ni. Lọ́jọ́ tí nọ́ńbà ìlà nínú tábìlì tó ń lo BIGINT (irú odidi nọ́ńbà tó tóbi ju int lọ) bá kọjá 2,147,483,647, tó jẹ́ òpin ohun tí int tí RETURN ń lò lè gbà, àṣìṣe ni wọ́n máa bá pàdé. Ẹ tiẹ̀ fi orúkọ èèyàn sẹ́yìn RETURN, SQL Server á ní òun ò lè sọ varchar (ọ̀rọ̀) di int (odidi nọ́ńbà). Ìyẹn ṣì dáa, ó kúkú pariwo. Àwọn tí kì í pariwo ló ń kọ mí lóminú: RETURN 2.75 á di 2, ẹnikẹ́ni ò ní gbọ́. NULL, ìyẹn àìsí iye kankan, á di 0, ìkìlọ̀ lásán ló máa bá a wá, ọ̀pọ̀ app kì í sì í ka ìkìlọ̀. Bí owó tí kò sí lákọsílẹ̀ ṣe máa di owó òdo nìyẹn, bẹ́ẹ̀ àwọn méjèèjì ò jọra rárá.

Bó bá jẹ́ iye kan tàbí méjì lẹ fẹ́, parameter OUTPUT, ìyẹn èyí tí procedure fi ń dá iye padà fún ẹni tó pè é, ló wà fún un:

CREATE PROCEDURE dbo.WoIye @Id INT, @Iye DECIMAL(10,2) OUTPUT
AS
SELECT @Iye = Iye FROM dbo.Oja WHERE Id = @Id;
GO
DECLARE @n DECIMAL(10,2);
EXEC dbo.WoIye 7, @n OUTPUT;

Ẹ wo ìlà tó gbẹ̀yìn dáadáa. OUTPUT gbọ́dọ̀ tún wà níbẹ̀. Bí ẹ bá gbàgbé ẹ̀, procedure á ṣiṣẹ́, àṣìṣe kankan ò ní yọjú, ṣùgbọ́n NULL tí @n jẹ́ tẹ́lẹ̀ náà ló ṣì máa jẹ́.

Bó bá jẹ́ ìlà púpọ̀, SELECT inú procedure ti tó. INSERT … EXEC sì lè kó wọn sínú tábìlì mìíràn.

MySQL ò tiẹ̀ gba RETURN láyè nínú procedure, àṣìṣe 1313 lẹ máa rí, torí function nìkan ló ni ín. Ní PostgreSQL, function ni gbogbo èèyàn ń lò títí procedure fi dé ní ẹ̀yà 11 lọ́dún 2018. Parameter INOUT (tó ń gba iye wọlé, tó sì ń dá a padà) ni procedure náà kọ́kọ́ ní. Ẹ̀yà 14 ló mú OUT, tó kàn ń dá iye padà, wá.

Ẹni tó bá ń fi C# pe SQL Server, tí procedure rẹ̀ ní SELECT àti OUTPUT pọ̀, kó kọ́kọ́ pa SqlDataReader (ohun tí C# fi ń ka àwọn ìlà náà) dé kó tó ka parameter náà, torí ẹ̀yìn gbogbo ìlà ni iye OUTPUT máa ń dé.