Àárọ̀ ọjọ́ kejì lọ̀rọ̀ wà: bí ẹ ṣe lè dán kẹ̀kẹ́ àti ara wò kí ẹ tó rin ìrìn àjò gígùn

Ẹni tó bá fẹ́ gun kẹ̀kẹ́ rin ìrìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tàbí oṣù kan, kó kọ́kọ́ fi ọjọ́ mẹ́ta dán ara rẹ̀, kẹ̀kẹ́ rẹ̀ àti ẹrù rẹ̀ wò. Ọjọ́ mẹ́ta la wí, kó sì sun alẹ́ méjì lọ́nà. Àlọbọ̀ àárọ̀ Sátidé kì í ṣe ìdánwò. Lọ́jọ́ kìíní, ara ṣì yá gágá, gbogbo bóòtù ṣì le dáadáa. Àárọ̀ ọjọ́ kejì, tí ẹ bá tún gun orí gàárì tí ìdí sì ń ta yín, ìgbà yẹn lẹ máa mọ ohun tí kò dáa.

Ẹ má jìnnà sílé ju ibi tí ọkọ̀ ti lè gbé yín padà bí nǹkan bá bàjẹ́. Bó bá jẹ́ kìlómítà 80 lẹ fẹ́ máa rìn lójúmọ́, ẹ rin 60 lọ́jọ́ kìíní, 80 lọ́jọ́ kejì, 60 lọ́jọ́ kẹta. Kí òkè gidi kan wà níbẹ̀.

Gbogbo ẹrù tí ẹ máa gbé lọ gan-an ni kí ẹ dì, tomi toúnjẹ. Àwọn kan máa ń ki ìrọ̀rí sínú àpò kó lè dà bíi pé ó kún. Ara wọn ni wọ́n ń tàn. Bí kìlógíráàmù 15 bá ti wà lẹ́yìn kẹ̀kẹ́, ìwà rẹ̀ á yí padà: á pẹ́ kó tó dúró tí ẹ bá tẹ bíréèkì, iwájú á fúyẹ́ tí ẹ bá ń gun òkè, tí ẹ bá sì ń sọ̀ kalẹ̀, ọwọ́ kẹ̀kẹ́ lè máa gbọ̀n. Bó bá ń gbọ̀n, ẹ má fi ìbẹ̀rù dì í mú gírígírí. Ẹ fi orúnkún méjèèjì há irin tó wà láàárín itan yín, kí ẹ dín eré kù díẹ̀díẹ̀. Lẹ́yìn náà, ẹ tún ẹrù pín: èyí tó wúwo á wà nísàlẹ̀ àpò, ọ̀tún àti òsì á dọ́gba, díẹ̀ á sì lọ síwájú kẹ̀kẹ́. Bí gìgísẹ̀ yín bá ń kan àpò, ẹ sún àpò sẹ́yìn díẹ̀.

Bóòtù kéríà, ìyẹn irin tí ẹ ń so àpò ẹrù mọ́, ló máa ń kọ́kọ́ tú. Gbígbọ̀n ojú ọ̀nà ló ń tú u. Bó bá ti dẹ̀, kéríà á máa mì, títí bóòtù á fi kán sínú ihò rẹ̀, yíyọ rẹ̀ níbẹ̀ kì í sì í ṣe iṣẹ́ ojú ọ̀nà. Ẹ fi sípánà kan bóòtù kọ̀ọ̀kan lálaalẹ́. Èyí tó bá yí, ẹ fi gọ́ọ̀mù bóòtù, èyí tí kì í jẹ́ kó tú, sí i, kí ẹ sì kó bóòtù méjì-mẹ́ta mìíràn dání.

Ní ti sípókù, àwọn irin tín-ín-rín tó so ríìmù mọ́ àárín rẹ̀, ti táyà ẹ̀yìn ló sábà máa ń já, pàápàá lápá ibi tí jíà wà. Ẹ fi èékánná ta wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan bí ẹni ń ta gìtá. Ó yẹ kí ohùn àwọn tó wà lápá kan náà fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba. Èyí tí ohùn rẹ̀ bá kú ti dẹ̀, ẹ gbé e lọ fún ẹni tó mọ ríìmù tò. Bí ọ̀kan bá já lọ́nà, ẹ wé e mọ́ èkejì rẹ̀, kí ẹ rọra máa lọ.

Ara náà ń sọ̀rọ̀. Bí iwájú orúnkún bá ń dùn yín, gàárì sábà máa ń wálẹ̀ jù. Bó bá jẹ́ ẹ̀yìn orúnkún, ó ga jù. Ẹ má yí i ju mìlímítà 3 sí 5 lọ lẹ́ẹ̀kan, ẹ má sì tún nǹkan méjì ṣe pa pọ̀, torí ẹ ò ní mọ èwo ló ṣiṣẹ́. Tí ọmọńdinrín bá ń kú, ẹ máa pààrọ̀ ibi tí ẹ ti ń di ọwọ́ kẹ̀kẹ́ mú, kí ẹ sì wò ó bóyá gàárì dorí kọ iwájú. Ẹ má wọ pátá sábẹ́ ṣòkòtò kẹ̀kẹ́ tó ní tìmùtìmù: ojú rírán pátá ló ń bó ìdí. Ẹ fọ ṣòkòtò náà lálẹ́, kó gbẹ.

Láàárọ̀ ọjọ́ kẹta, ẹ mọ̀ọ́mọ̀ tú afẹ́fẹ́ táyà ẹ̀yìn jáde, pẹ̀lú ẹrù lórí rẹ̀, kí ẹ pààrọ̀ tíúbù. Ìgbà yẹn lẹ máa mọ̀ pé páńpù ò bá ẹnu tíúbù mu, tàbí pé ìsàlẹ̀ àpò tó kún jù ni irinṣẹ́ wà. Ẹ fi ìka yẹ inú táyà wò kí tíúbù tuntun tó wọlé. Bó bá jẹ́ jíjò gidi ni, ẹ̀gún tó dá ti àkọ́kọ́ lu lè ṣì wà níbẹ̀.

Tí ẹ bá délé, ẹ da gbogbo ẹrù sílẹ̀, kí ẹ pín in sọ́nà mẹ́ta: èyí tí ẹ lò lójoojúmọ́, èyí tí ẹ lò lẹ́ẹ̀kan, èyí tí ẹ ò fọwọ́ kàn. Àyàfi irinṣẹ́, oògùn àti aṣọ òjò, ìpín kẹta ò lọ mọ́. Ẹ fi ọ̀sẹ̀ méjì ó kéré tán sáàárín ìdánwò yìí àti ìrìn àjò, torí gàárì tí ẹ bá rà lọ́jọ́ mẹ́ta kí ẹ tó gbéra, ojú ọ̀nà lẹ ti máa dán an wò.